Fìlà Bámijókò

Ọjọ́ Ajé, 6/2/89

Ọkàn mi ò balẹ̀ lórí Mojísọ́lá. Láti ìgbà tó ti padà sí Ìbàdàn lẹ́yìn Kérésì, lẹ́tà kan ṣoṣo ló kọ, ìyẹn náà ò ju ìlà mẹ́fà lọ: ara òun le, kí n fi gàrí ránṣẹ́. Ọmọ tó máa ń kọ ojú ìwé mẹ́rin, tí yóò sọ ohun tó jẹ àti ohun tó lá lójú àlá! Àtìgbà tí òun àti Ọlájídé ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ ti pínyà ló ti rí báyìí. Nígbà tó wá sílé, mo bi í pé kí ni Ọlájídé ṣe. Ó ní, "Kò ṣe nǹkan kan, Bàbá." Mo ní ìwọ ńkọ́, kí lo ṣe? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ládélé ọmọ mi ọkùnrin kò kọ̀wé láti Èkó, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í kọ̀wé tẹ́lẹ̀, nítorí náà ìdákẹ́ tiẹ̀ kò já mi láyà bẹ́ẹ̀.

Aṣọ akọrin méjìlélógún ni ṣọ́ọ̀ṣì gbé wá lónìí kí n rán, Àjíǹde ni wọ́n fẹ́ fi wọ̀ ọ́. Fìlà mẹ́rìndínlógún tún wà nílẹ̀. Ọyẹ́ ṣì mú, ètè mi là.

Ọjọ́bọ̀, 16/2

Lẹ́tà dé! Ojú ìwé mẹ́ta. Mo da ibi tó ká mi lára kọ síhìn-ín:

"Bàbá mi, ẹ̀rù ń bà mí láti sọ èyí, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ fi pamọ́ fún yín mọ́. Mo ti rí ẹnìkan. Bámijókò lórúkọ rẹ̀. Ọmọ Ìlasa-Èkìtì ni, ó ń kọ́ iṣẹ́ iná ní Pólì. Òun ló tún rédíò mi ṣe, kò gba kọ́bọ̀. Tó bá ń rẹ́rìn-ín, gbogbo ara rẹ̀ ló fi ń rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ kí ẹ rí i. Ṣé a lè wá lọ́dún Àjíǹde?"

Ọmọ Èkìtì, oníṣẹ́ ọwọ́! Mo ju abẹ́rẹ́ sílẹ̀, mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi Àríkẹ́ nílé wọn, ilé kejì sí wa.

Ó ní, "Ọmọ ta ni n'Ílasa?"

Mo ní n kò mọ̀.

"Ṣé ó ga?"

N kò mọ̀.

"Solomon, kí lo wá mọ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ó máa ń rẹ́rìn-ín."

"Ẹ̀rín ni wọn yóò máa jẹ n'ulé?"

Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn. Kí n tó kúrò níbẹ̀, ó ti ń ka iṣu tó wà nínú abà rẹ̀.

Àbámẹ́ta, 18/2

Mo fi èsì ránṣẹ́ pé kí wọ́n máa bọ̀. Mo sì rántí ìrépé sányán tó kù lára aṣọ ìgbéyàwó èmi àti Adéfúnkẹ́ ìyá wọn, tí mo fi kánfọ̀ pamọ́ sínú àpótí láti ìgbà tó ti kú. Yóò tó fìlà gọ̀bì kan. Kò sí ọkùnrin tó wọ ẹbí yìí tí n kò rán fìlà dé lórí. Èmi kì í mọ ọ̀rọ̀ sọ fún àlejò, fìlà ni mo fi ń kí wọn káàbọ̀.

Mo ní kí Mojísọ́lá wọn orí Bámijókò fún mi: kó gbé téèpù lé òkè etí, kó yí i ká, kó má fún un jù.

Ọjọ́rú, 1/3

Èsì dé. Ínṣì mọ́kànlélógún.

Mọ́kànlélógún kẹ̀? Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń wọn orí ní Ìkẹ̀rẹ́ yìí. Orí ọkùnrin tó ti dàgbà, méjìlélógún, méjìlélógún ààbọ̀, mẹ́tàlélógún. Ó ti fún téèpù yẹn jù. Ọmọ télọ̀ tí kò mọ téèpù lò! Mo fi ínṣì kan ààbọ̀ kún un, mo gé e.

Ó tún béèrè nísàlẹ̀ lẹ́tà: "Bàbá, tí ẹni tí mo mú wá kò bá wá rí bí ẹ ṣe rò ńkọ́?" Mo dá a lóhùn pé a ò ní jẹ ẹwà, kó fọkàn balẹ̀. Bóyá ọmọ náà kúrú ni. Bóyá ó ní àpá lójú. Mo tilẹ̀ ti ronú pé bóyá ó yarọ ni.

Ìṣẹ́gun, 7/3

Nẹ́pà mú iná lọ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọwọ́ ni mo fi ń yí máṣíìnì. Òwú funfun ti gbówó lórí lẹ́ẹ̀kejì láàárín oṣù kan.

Ìṣẹ́gun, 14/3

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lánàá. Mo fi ẹfun kun pálọ̀ láàárọ̀ yìí fúnra mi, ẹ̀yìn ń ro mí. Ládélé kọ̀wé! Kò ní lè wá, ọ̀gá rẹ̀ kò fún un láyè. Ó ní kí n bá òun kí àna òun. Mo gbé fìlà lé orí pẹpẹ lókè máṣíìnì kí n lè máa rí i. Gọ̀bì náà jókòó dáadáa. Ó kù kí n fi ìtẹ́lẹ̀ sí i.

Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ, 19/3

Oyèbámijí, olórí akọrin wa, ki mí kú oríire lẹ́yìn ìsìn, ó ní òun ti gbọ́ pé a ń retí àna. Láti ẹnu ta ni? Àríkẹ́. Gbogbo ìjọ ti gbọ́.

Ọjọ́bọ̀, 23/3

N kò mọ bí mo ṣe máa kọ èyí.

Agogo mẹ́rin ni mọ́tò já wọn sílẹ̀. Mo gbọ́ ohùn Mojísọ́lá, mo bọ́ síta pẹ̀lú téèpù lọ́rùn. Òun àti ọmọbìnrin kan tẹ́ẹ́rẹ́ ni, irun rẹ̀ wà ní gígé mọ́lẹ̀, ó gbé àpótí irinṣẹ́ kékeré dání. Àwọn méjèèjì kúnlẹ̀. Mo ń kí wọn, mo ń na ọrùn wo títì lẹ́yìn wọn.

Mo ní, "Bámijókò ńkọ́? Ṣé ó ṣì ń bá onímọ́tò sọ̀rọ̀ ni?"

Mojísọ́lá kò dìde. Ó ní, "Bàbá, Bámijókò nìyí."

Ọmọ náà ní, "Ẹ kú ilé, sà."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rántí dájú pé mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Àṣé orúkọ kan náà ni ọ̀rẹ́ rẹ ń jẹ́?"

"Òun náà ni, Bàbá. Ẹni tí mo kọ̀wé sí yín nípa rẹ̀."

Kí n tó ríhun sọ, Àríkẹ́ ti yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ọwọ́ rẹ̀ funfun fún iyán. "Ọkọ ìyàwó dà? Ẹ wọlé, ẹ wọlé, uyán ń tutù!"

Ẹnu mi ló ṣáájú orí mi. Mo ní, "Bámijókò ò ráyè wá mọ́, ẹ̀gbọ́n. Àbúrò rẹ̀ obìnrin yìí ló ní kó tẹ̀ lé Mojí wá."

Mojísọ́lá gbójú sókè wò mí. Ọmọ kejì kò wo ẹnikẹ́ni. Ó dìde, ó gbọn eruku eékún rẹ̀, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó ní kí n kí yín."

Wọ́n ti wà lọ́dọ̀ Àríkẹ́ báyìí, wọ́n ń jẹun. Mo kó àwọn lẹ́tà Mojísọ́lá jáde, mo tún wọn kà. Kò sí ibì kan tó ti pè é ní ọkùnrin. Ó. Òun. Rẹ̀. Ẹnìkan. Èmi ni mo wọ ṣòkòtò fún un.

Ẹtì Rere, 24/3

A ti ìsìn dé. Mo jókòó ti máṣíìnì, Àríkẹ́ àti ọmọ náà ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìn fèrèsé. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Àbúrò Bámijókò, ẹ̀gbọ́n rẹ yìí, ṣé kì í bínú?"

"Ó máa ń bínú díẹ̀, mà. Kì í pẹ́ nínú rẹ̀."

"Ọtí ńkọ́?"

"Kì í mu ún, mà."

"Kò burú. Ṣé ó mọ oúnjẹ sè? Àwọn ọmọ iwòyí a máa sè."

"Ìrẹsì nìkan, mà. Ìyẹn náà ń jóná."

Àríkẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ó fẹ́ràn ọmọ wa dénú?"

"Ó fẹ́ràn rẹ̀ dénú, mà. Ẹ̀rù yín ló ń bà á."

"Ẹ̀rù wa kẹ̀! Sọ fún un pé a kì í jèèyàn. Kó wá s'ulé, kó wá jẹun."

"Màá sọ fún un, mà."

Abẹ́rẹ́ gún mi ní àtàǹpàkò. Nínú gbogbo ohun tó sọ, kò sí irọ́ kan ṣoṣo. Èmi nìkan ni mo purọ́ nínú ilé yìí.

Àbámẹ́ta, 25/3

Ó ku aṣọ akọrin márùn-ún. Lágogo mẹ́wàá àárọ̀, mọ́tò máṣíìnì wúkọ́, ó sì kú. Mo lù ú, mo bẹ̀ ẹ́, mo fi í ré. Iṣẹ́ kù, ọwọ́ yíyí kò lè bá a. Ọmọ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ṣé kí n wò ó, sà?"

Mo dìde fún un. Ó tú u palẹ̀ sórí ìwé ìròyìn, ó to gbogbo ìdè rẹ̀ bí wọ́n ṣe jáde. Ó ní èédú kékeré tó ń gbé iná wọ inú rẹ̀ ló ti jẹ tán. Ó ní ṣé mo ní òkú bátìrì tọ́ọ̀ṣì. Mo fún un. Ó fọ́ ọ, ó yọ igi dúdú tó wà láàárín rẹ̀, ó rọra fi fáìlì rẹ́ ẹ, ó ń wọ̀n ọ́n mọ́ ojú ihò, ó tún ń rẹ́ ẹ. Ó ṣe é fún bí wákàtí kan. Kò kánjú. N kò rí ẹni tó ń wọn nǹkan bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ti kú.

Nẹ́pà kò já wa kulẹ̀. Máṣíìnì dún. Ó dún dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó rẹ́rìn-ín, mo sì rí i pé òótọ́ ni, gbogbo ara rẹ̀ ló fi ń rẹ́rìn-ín, títí dé èjìká.

Bó ṣe ń palẹ̀ mọ́, ó wo orí pẹpẹ. "Fìlà ta nìyẹn, sà? Ó mà dára o."

Mo ní, "Ti oníbàárà kan ni."

Irọ́ kejì nìyẹn.

Ọjọ́ Àjíǹde, 26/3

Àwọn akọrin wọṣọ tuntun. Oyèbámijí bọ̀ mí lọ́wọ́. N kò rántí ohun tí wọ́n wàásù lé lórí.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo pe Mojísọ́lá sẹ́yìnkùlé níbi tí a ti ń wo òkè Olósùnta. Mo ti to ohun tí mo fẹ́ sọ láti òwúrọ̀. Èyí tó kọ́kọ́ jáde ni, "Ọlájídé ńkọ́? Ṣé ẹ̀tàn lo fi bá ọmọ ọlọ́mọ lò fún ọdún méjì?"

"Rárá, Bàbá. Ibi tó ti ń dà mí láàmú gan-an nìyẹn. Ká ní ẹ̀tàn ni, ì bá rọrùn. Mo fẹ́ràn Ọlájídé. Tí mo bá gbọ́ ohùn rẹ̀ níta yàrá wa, àyà mi á máa lù kìkì. Òótọ́ nìyẹn. Nígbà tó sì yá, ọ̀rọ̀ tán láàárín wa, bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń tán. Lẹ́yìn náà ni Bámijókò wá tún rédíò ṣe, àyà mi tún lù bákan náà. Mo rò pé ara mi ò yá ni. Mo ti jókòó ti ara mi, mo ní kí n mú ọ̀kan, kí n ní òun ni èmi gan-an, kí èkejì jẹ́ àṣìṣe. Mi ò rí èyí tó jẹ́ àṣìṣe níbẹ̀."

"Bó bá lè jẹ́ ọkùnrin, kí ló dé tí o ò mú ọkùnrin? Ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

"Ṣé bí ẹ ṣe rí ìyá wa nìyẹn? Ẹ ní obìnrin lẹ fẹ́, wọ́n wá gbé ọ̀kan fún yín?"

Ọdún mẹ́ta ni mo fi lọ sílé àwọn Adéfúnkẹ́. Bàbá rẹ̀ fi omi ẹ̀kọ́ lé mi lọ́jọ́ kan.

Mo ní, "Kí ni wọ́n ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀?"

"Àwọn òyìnbó ní orúkọ fún un, mo rí i nínú ìwé kan ní láíbìrì. Mi ò tíì mọ̀ bóyá orúkọ náà bá mi mu. Ọmọ ogún ọdún ni mí, Bàbá. Mo ṣì ń wọ̀n ọ́n."

Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Mo mọ̀ pé ẹ lè máà gba èyí, mo ti múra sílẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ẹ ti gba orúkọ Bámijókò mọ́ ọn lọ́wọ́. Láti Ọjọ́bọ̀ ló ti ń jẹ́ àbúrò ara rẹ̀."

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti dákẹ́. Mo ní, "Kí lo wá fẹ́ kí n ṣe? Kí n sọ fún Àríkẹ́? Kí n dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì kí n ké e? Ojú wo ni màá fi máa wọ ìlú yìí?" Ohùn mi ga ju bí mo ṣe fẹ́ lọ.

Ó nu ojú rẹ̀. Ó ní, "Kò sí, Bàbá." Ó wọlé.

Ọjọ́ Ajé, 27/3

Wọ́n lọ. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ oúnjẹ àti ibùsùn. Àríkẹ́ gbé iṣu ńlá mẹ́ta fún un. "Gbé e fún ẹ̀gbọ́n rẹ. Sọ pé èmi ni mo fi ránṣẹ́."

"Yóò rí i gbà, mà."

Mojísọ́lá kí mi bí wọ́n ṣe ń kí olórí ilé ìwé. Mo dúró títí mọ́tò fi yà lọ́nà Adó. Kò bojú wẹ̀yìn.

Ọjọ́ Ajé, 10/4

Ọ̀sẹ̀ méjì, kò sí lẹ́tà. Oyèbámijí ní, "Àna wa ńkọ́?" Mo ní, "Ó wà." Ẹnu mi korò títí mo fi délé.

Ọjọ́rú, 12/4

Kò sí lẹ́tà. Máṣíìnì ò wúkọ́ mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Mo ń gbọ́ ọ bó ṣe ń dún, inú sì ń bí mi sí ara mi.

Àbámẹ́ta, 15/4

Mo lọ bá Àríkẹ́ láàárọ̀. Ó ń gbá ojúde.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò sí ẹ̀gbọ́n kankan."

"Ẹ̀gbọ́n ta ni ò sí?"

"Ti ọmọ yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ni Bámijókò. Èmi ni mo purọ́ fún yín."

Ó gbá ilẹ̀ díẹ̀ sí i. "Ta wá ni ọkọ Mojí?"

"Kò sí ọkọ níbẹ̀. Òun ni Mojí mú wá fi hàn wá."

Mo rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń wọlé sí i lára díẹ̀díẹ̀. Mo ń retí kó ké. Ó gbé ọwọ̀ sílẹ̀, ó ní, "Solomon. O jókòó sí fèrèsé, o jẹ́ kí n máa bi ọmọ ọlọ́mọ léèrè ara rẹ̀? Mo gbé uṣu mẹ́ta lé e lórí pé kó gbé e fún ara rẹ̀! Ó sì dúpẹ́!"

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n."

"Ti Mojí, mi ò tíì mọ ohun tí mo fẹ́ sọ sí i, ó ga jù mí lọ. Tìrẹ ni mo mọ̀. Má bá mi sọ̀rọ̀ lónìí."

Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Ọjọ́rú, 19/4

Ọjọ́ kẹrin tí Àríkẹ́ ò yà sọ́dọ̀ mi. Ó gbé ọbẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà mi lówùúrọ̀, ó bò ó, ó sì lọ.

Mo gbé fìlà sọ̀kalẹ̀ lórí pẹpẹ, mo dé e wò níwájú dígí. Èmi gan-an ló bá mu. Méjìlélógún ààbọ̀, orí tèmi nìyẹn. Mo mú bíléèdì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.

Àbámẹ́ta, 22/4

Lẹ́tà tí mo fi ránṣẹ́ sí Mojísọ́lá lónìí. Mo dà á kọ síhìn-ín kí n má baà gbàgbé ohun tí mo sọ.

"Mojísọ́lá ọmọ mi,

N kò sùn dáadáa láti ìgbà tí ẹ ti lọ. Mi ò ní purọ́ fún ọ pé ohun tí o sọ ti yé mi. Kò tíì yé mi. Mo ń gbàdúrà sí i, mi ò sì mọ ohun tí mo ń tọrọ gan-an mọ́. Ẹ̀rù ń bà mí, kì í ṣe ti yín, ẹ̀rù ayé ni, ohun tí wọ́n lè fojú yín rí níbi tí mi ò sí. Ẹ máa ṣọ́ ara yín.

Ṣùgbọ́n ohun tí o sọ nípa orúkọ yé mi lọ́jọ́ náà gan-an, ojú ló tì mí. Mo ti sọ fún Àríkẹ́. Ó bínú sí mi títí di àná. Lánàá ló wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, 'Àwọn uṣu yẹn, ṣé Bámijókò rí wọn jẹ, àbí wọ́n ti rà?' Bó ṣe pè é nìyẹn. Mi ò mọ ibi tó máa já sí, ṣùgbọ́n dá a lóhùn nípa iṣu náà.

Bá mi sọ fún Bámijókò pé mo tọrọ àforíjì. Sọ fún un pé kò sí oníbàárà kankan, òun ni mo rán fìlà orí pẹpẹ yẹn fún. O kọ mọ́kànlélógún sí mi, mo ní o ò mọ téèpù lò, mo fi ínṣì kan ààbọ̀ kún un. Ọ̀dọ̀ mi ni àṣìṣe wà. Mo ti tú gbogbo rẹ̀, mo tún un gé sí mọ́kànlélógún gérégé, ó wà nínú ìdì yìí. Lára aṣọ ìyá rẹ ni. Mo fi òwú pupa kọ orúkọ Bámijókò sí ìtẹ́lẹ̀ nínú. Bó bá wù ú, kó dé e. Bí kò bá wù ú, kó fi pamọ́.

Kọ̀wé sí mi kíákíá, kí n mọ̀ bóyá ó bá orí rẹ̀ mu. Bó bá fún un, ẹ fi ránṣẹ́ padà, kò rẹ̀ mí láti tú u. Tàbí kẹ́ ẹ gbé e wá fúnra yín. Ṣùgbọ́n kọ̀wé ná, Mojí. Má jẹ́ kó pẹ́."